Bí A Ṣe Ṣọ́ Olè Sódà ní Ìlú Afuramáàsùn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ra, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí ọmọ Ògúndìran, ará Èsúrú-Òkè. Ẹfọ̀n gbọ́ orúkọ mi, ó gbàgbé ibi tó ń lọ; ẹkùn rí òjìji mi, ó ní òun fi ọmọ sílé. Lónìí orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú mi kò tíì hu ewú. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ẹran tí mo pa. Ìtàn ìlú kan ni, níbi tí bàbá ti ń ka ìka ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ó wọlé.

Ní àkókò náà, obìnrin kan wà ní ilé-ìwé girama ìlú wa, Tinúọlá ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì. Yàrá rẹ̀ kún fún ìgò, èyí tó lọ́rùn gígùn àti èyí tó níkùn ńlá. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù ni kí ó wọn ohun líle, kí ó yọ́ ọ sínú omi, kí ó sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé, “Bí agbára omi yìí ti tó nìyí, kò dín, kò lé.” Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó lọ sí ẹ̀bá igbó láti já ìṣápá pupa, nítorí omi ìṣápá a máa fi àwọ̀ rẹ̀ sọ èyí tó kan àti èyí tí kò kan nínú àwọn omi rẹ̀. Àwọn tó wà lóko ní ààjà kan yí wá, ó gbé e. Bàtà rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá nílẹ̀.

Ìlú kò dúró kí ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní kò sí ààjà kankan, pé èmi ni mo mọ ibi tó wà, nítorí ta ló tún mọ igbó tó mi? Ẹni tí mo fún ní itan ẹtu láàárọ̀ kò kí mi mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá Tinúọlá nìkan ló wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi.

“Bàbá ọdẹ, ṣé ẹ̀yin ni?”

“Èmi kọ́, ìyá.”

“Mi ò mọ̀ bóyá mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ ibi tó wà, ẹ lè mú un wá. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà ṣì lẹ lè wá a.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju ọta lọ. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo da gààrì sápò, mo sì tọ ipa ààjà náà wọ igbó.

Mi ò ní fi ìrìn dá yín lágara. Igbó tí mo kọ́kọ́ kọjá ni Igbó Olójú-Ewé, níbi tí ojú wà lára ewé kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá yà sí ọ̀tún, gbogbo igi a wo ọ̀tún. Bí mo bá wúkọ́, wọn a wo ara wọn. Ibẹ̀ ni iwin kan ti já bọ́ láti orí ìrókò, ó ga tó òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ni ẹnu rẹ̀ wà. Ó ní kí n tú àpò mi kí òun rí ohun tí mo jí. Mo ní ọmọ Ògúndìran kì í tú àpò fún igi gbígbẹ. Bí a ṣe dì mọ́ra nìyẹn. Ó gbé mi, mo fi ẹsẹ̀ kọ́ gbòǹgbò. Mo gbé e, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ilẹ̀ sì mì tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ojú ara ewé fi pa dé. Ẹ má wo apá mi ti ìsinsìnyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Apá tí mo ní nígbà náà, ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n fi gún iyán, kí odó má baà fọ́.

Iwin náà na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè láti ilẹ̀, ó ní, “Ọdẹ, o lágbára. Ṣùgbọ́n ìlú tó wà níwájú kì í fi agbára bá ènìyàn jà. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń pa á.”

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo dé ẹnu bodè, mo bá oníbodè kan tí ojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn. Kò kí mi. Ó kàn bi mí pé, “Kí lo wá jí?”

Mo rò ó. Bí mo bá ní n kò wá jí nǹkan, yóò ní olè wo ló ń jẹ́wọ́ rí. Bí mo bá ní mo wá jalè, ó parí. Mo ní, “Ohun tí ẹ jí lọ́dọ̀ wa ni mo wá jí padà.”

“Ìdáhùn yẹn ò mọ́,” ó ní, “nítorí náà mo gbà á gbọ́.” Ó sì ṣí bodè.

Afuramáàsùn ni orúkọ ìlú náà. Ìkùukùu tútù bò ó láti òwúrọ̀ dé àṣálẹ́, ṣùgbọ́n ètè gbogbo ènìyàn ló là fún òǹgbẹ. Àwọn ọmọdé ń lá ìrì lára ògiri. Tọkọtaya ń jẹun, wọ́n ń ka òkèlè ara wọn. Ẹni tó bá sì ń kọjá lójú pópó a máa gbé ọwọ́ sókè, kí aládùúgbò rí i pé òfìfo ni. Kò sí ẹni tó bá mi jà, kò sí ẹni tó sì yí ojú kúrò lára mi títí mo fi dé ààfin.

Ọba wọn, Olúfura, ní ojú yí orí ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́bàá ìtẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí Tinúọlá, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́ iwin kan tó ní ọwọ́ mẹ́rin. Bí ó ti rí mi, ó sunkún.

“Ìwọ ọdẹ,” Olúfura ní, “ìfura loògùn àgbà. Èmi ni mo rán ààjà lọ gbé olùkọ́ yín, gbọ́ ìdí rẹ̀. Adènà-Odò ló jókòó sí orísun omi wa. Kì í gba ẹran, kì í gba obì. Omi sódà ni a máa ń gbé lọ bá a, èyí tí a pò ní yàrá ìgò ilé-ìwé wa. A ó sọ fún un bí agbára rẹ̀ ti tó, òun náà yóò fi omi kíkan tirẹ̀ dán an wò. Bí ohun tí a sọ bá bá ohun tó wà nínú ìgò mu, yóò dìde lórí omi. Bí kò bá bá a mu, yóò jókòó padà. Ó ti pẹ́ tó ti jókòó, nítorí omi wa máa ń rọ̀, agbára rẹ̀ kì í tó bí a ti pè é. Ẹnì kan ń jí sódà. Mo pa olùtọ́jú yàrá náà, omi kò le sí i. Mo ní kí olùkọ́ yín pò ó, tirẹ̀ náà rọ̀. Ẹni tí wọ́n dè mọ́ ọn yìí, Ọlọ́wọ́mẹ́rin, ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ wò ó dáadáa. Kí ni ènìyàn rere ń fi ọwọ́ mẹ́rin ṣe?”

Mo ní, “Kábíyèsí, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?”

“Ọdẹ ni ọ́. Ojú rẹ ń rí ẹtu nínú koríko. Lọ́la a ó tún wọn sódà. Ìwọ ni yóò ṣọ́ olè náà. Bí omi bá tún rọ̀, àwọn méjèèjì yìí kú létí odò. Bí o kò bá sì dárúkọ olè, a jẹ́ pé ẹ jọ ń pín in ni.”

Wọ́n mú wa lọ sí yàrá ìgò. Sódà tí mò ń wí yìí ni èyí tí àwọn aṣeọṣẹ ń lò, ẹ̀là funfun tó máa ń jó ọwọ́. Mo wo Tinúọlá, mo wo Ọlọ́wọ́mẹ́rin, ara fu mí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo rí i tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo fa Tinúọlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ̀wọ̀n náà ti gùn tó.

“Olùkọ́, sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé o ń dín in kù ni?”

Ó wò mí bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé. “Bàbá ọdẹ, ẹ̀yin náà?”

“Ìlú tí mo ti ń bọ̀ fura sí mi nítorí rẹ. Ojú ọ̀nà ni mo ti kọ́ ìfura.”

“Mi ò dín nǹkan kan kù. Àwọn ìjòyè ló ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á ti bu omi lé e nínú ife kí wọ́n tó gbé e fún mi, kí n má baà fọwọ́ kan èyí tó gbẹ. Mi ò rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é rí.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọlọ́wọ́mẹ́rin ni mò ń bi pé bóyá òun ni. Ó ní èmi náà ni òun fẹ́ bi.”

Nígbà náà ni obìnrin kan yọ́ wọlé, ó di ewé kan mú, ó ń wo ẹ̀yìn. Mo já ewé náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo rò pé sódà ló wà níbẹ̀. Ìrì ni, ẹ̀kún ẹnu kan ṣoṣo. Ó gbà á padà lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e sí ẹnu Ọlọ́wọ́mẹ́rin.

“Ìdákẹ́ ni orúkọ mi,” ó ní. “Ọkọ mi ni olùtọ́jú yàrá tí Ọba pa. Òun ló kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́.”

Mo bi í pé, “Ṣé ọkọ rẹ jí i?”

“Wọ́n bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà láàyè. Mo ní mi ò mọ̀.” Ó ká ewé náà. “Ìyẹn ni wọ́n fi pa á. Wọ́n ní bí kò bá jẹ́ olè, ìyàwó rẹ̀ ì bá mọ̀.”

Mo fura sí òun náà. Mo ní ẹni tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀ lè ba omi ìlú jẹ́ láti gbẹ̀san. Ẹ má dá mi lẹ́bi, ẹ̀yin ará. Ikú ń pa alágẹmọ tó ń yọ́ rìn, áńbọ̀sì ọ̀pọ̀lọ́ tó ń jan ara mọ́lẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Òfin wọn ni pé kí wọ́n tó wọn sódà, kí wọ́n da á sínú àwo pẹrẹsẹ láti àárọ̀, láìbò ó, kí àwọn ìjòyè jókòó yí i ká, kí wọ́n máa wò ó títí oòrùn yóò fi kan àtàrí, kí gbogbo ojú lè jẹ́rìí pé kò sí ẹni tó mú nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí odò ti kọ́kọ́ sé nìyẹn. Ọba náà wá jókòó. Tinúọlá sì bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

“Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí a gbé àwo náà sórí òṣùwọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a fi irin òṣùwọ̀n sí apá kejì títí méjèèjì yóò fi dọ́gba. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ẹ̀là kan, apá sódà yóò gòkè. Òṣùwọ̀n ni yóò fi olè hàn, kò ní jẹ́ ẹnu ènìyàn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́ Olúfura lọ́rùn. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Apá méjèèjì dọ́gba, ó dúró ṣinṣin. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo ṣọ́ ọwọ́ gbogbo wọn bí mo ti ń ṣọ́ ihò òkété. Mi ò ṣẹ́jú. Mo rí ìjòyè tó ń họ orúnkún, mo rí èyí tó ń gbé itọ́ mì. Ọlọ́wọ́mẹ́rin na ọwọ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó sọ fún un. Ìkùukùu ń wọlé láti ojú fèrèsé, ó sì tutù lára wa.

Ó ṣe díẹ̀, òṣùwọ̀n mira. Gbogbo wa tẹ̀ síwájú. Apá sódà kò gòkè. Ó ń lọ sílẹ̀.

Ó rọra ń lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí ẹnì kan fi ìka tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ìka kankan níbẹ̀. Ìjòyè kan di ekejì rẹ̀ lọ́rùn mú, ó ní òun ló ń da nǹkan sí i. Ẹni tí wọ́n dì mú ní òun kọ́, pé ẹni tó di òun mú ló fẹ́ fi ariwo bo ara rẹ̀. Olúfura yí gbogbo ojú rẹ̀ sí mi.

“Ọdẹ, ta ni?”

“Kábíyèsí, kò sí ẹni tó nawọ́. Mo fi ìbọn mi búra.”

“Olè máa ń mú nǹkan lọ ni. Mi ò gbọ́ olè tó ń fi kún nǹkan rí. Bí o kò bá rí i, ìwọ ni.”

Wọ́n gbá mi mú. Ìgbà tí wọ́n ń so mí lọ́wọ́ ni Tinúọlá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga.

“Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wá wo sódà náà.”

Wọ́n tú mi, gbogbo wa wò ó. Àwọn ẹ̀là funfun náà ń dán, wọ́n ń làágùn bí iwájú orí ẹni tó ń sá lóòrùn. Wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, omi sì ti hàn nísàlẹ̀ àwo.

“Sódà yìí a máa mu omi nínú afẹ́fẹ́,” ó ní. “Nílé-ìwé wa, ìgò tí a dé pinpin ni à ń fi í sí. Ẹ̀yin ń ṣí i sílẹ̀ nínú ìkùukùu láti àárọ̀, ẹ ń wò ó, ó ń mu omi lójú yín. Lẹ́yìn náà ni ẹ wá ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí ẹ wọ̀n, sódà àti omi ni, ẹ sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní sódà. Kò sí ẹni tó jí i, Kábíyèsí. Bí ẹ bá ṣe ń ṣọ́ ọ pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rọ̀ tó.”

Olúfura kò dìde. “Ṣé afẹ́fẹ́ ni kí n wá dè mọ́lẹ̀? Ta ló rán ọ láti sọ èyí?”

“Ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n tún sọ ọ́.” Ó da sódà náà kúrò. Ó mú iyọ̀ kíkan kan láti inú ìgò mìíràn, èyí tó gbẹ tó sì ń tàn, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó fi irin bá a dọ́gba. Ó ní kí gbogbo wọn fi ọwọ́ sẹ́yìn. A jókòó tì í nínú ìkùukùu kan náà títí ebi fi ń pa wá. Òṣùwọ̀n kò mira.

“Èyí kì í mu omi,” ó ní. “Èyí ni mo lè gbà gbọ́.”

Ó yọ́ iyọ̀ náà sínú omi díẹ̀ nínú ife, ó dà á sínú ìgò ọlọ́rùn gígùn. Ó tún fi omi ṣan ife náà, ó da omi tó fi ṣàn án sínú ìgò. Mo bi í pé kí ló ń fi omi tó fi ṣan ife ṣe.

“Ohun tó kù lára ife wà nínú ohun tí mo wọ̀n, Bàbá. Bí mo bá fi í sílẹ̀, irọ́ ni orúkọ tí mo bá pe omi yìí.”

Ó ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kan àmì tó wà lọ́rùn ìgò, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dọ́gba pẹ̀lú àmì náà, ó ń kán an ní ẹ̀kán. Àwọn ìjòyè ní ọfọ̀ ló ń pè sí i. Ó dé e, ó yí i sókè yí i sílẹ̀. Ó wá fi sódà tí wọ́n ní nílé pò omi tiwọn, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rinrin tó wà lára rẹ̀. Ó bu omi kíkan sínú ife, ó fún ìṣápá sí i, ó pọ́n bí ojú ẹyìn ọ̀pẹ. Ó ń da omi sódà sí i láti inú ọ̀pá dígí tó ní àmì lára. Bí àwọn ìjòyè ti pe agbára rẹ̀, òṣùwọ̀n mẹ́rin lára àmì ọ̀pá náà ló yẹ kí ó pa pupa náà. Ó da mẹ́rin, pupa kò kúrò. Ó kan karùn-ún, ẹ̀kán tó kẹ́yìn rẹ̀ bọ́, pupa náà yẹ̀, ó di àwọ̀ ewé.

“Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohun tí ẹ ń pè é ló jẹ́,” ó ní.

“Nígbà náà, fi sódà kún un kó tó,” Ọba ní.

“Sódà tí mo máa fi kún un náà ti mu omi, mi ò sì mọ iye tó mu. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó jẹ́. Kí ni Adènà-Odò béèrè lọ́wọ́ yín gan-an?”

Ìjòyè kan tó dàgbà jù wọ́n lọ ló dáhùn. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé, ‘Ẹ gbé omi yín wá, kí ẹ sọ fún mi bí agbára rẹ̀ ti tó.’” Ó wo ojú Ọba. “Kò sọ iye tó gbọ́dọ̀ jẹ́.”

A lọ sí odò. Adènà-Odò jókòó sí orísun náà, ara rẹ̀ dán bí ọlọ, ikùn rẹ̀ sì bo ẹnu omi pátápátá. Egungun àwọn tí wọ́n ti pa síbẹ̀ wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gba ìgò náà, ó bi wá ní ohùn tó wá láti abẹ́ ilẹ̀ pé, “Kí lẹ pè é?”

Tinúọlá sọ ọ́. Mo gbọ́ bí eyín àwọn ìjòyè ti ń lu ara wọn, nítorí kò sí ẹni tó pè é ní kékeré rí níbẹ̀. Adènà-Odò bu omi kíkan tirẹ̀ jáde, pupa bí ẹ̀jẹ̀ ẹran tuntun. Ó da omi sódà wa sí i ní òṣùwọ̀n mẹ́rin. Pupa náà dúró. Apànìyàn Ọba tó wà lẹ́yìn wa yọ àdá. Mo fi ìka sí ibi tí a ti ń yin ìbọn mi, mo ní bí yóò bá di ikú, kì yóò jẹ́ ti àwọn méjì nìkan. Adènà-Odò ń dà á lọ. Ẹ̀kán tó kẹ́yìn òṣùwọ̀n karùn-ún bọ́, pupa náà di àwọ̀ ewé.

“Ohun tí ẹ sọ ló wà níbẹ̀,” ó ní. Ó dìde. Omi tú jáde lábẹ́ rẹ̀, ó gbá wa lẹ́sẹ̀, àwọn ọmọdé sì dọ̀bálẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n ń mu.

Mo rò pé wọn yóò jó. Ẹni mélòó kan ti bẹ̀rẹ̀ orin. Nígbà náà ni Ìdákẹ́ rìn wá síwájú Ọba, aṣọ rẹ̀ ń kán omi.

“Kábíyèsí, afẹ́fẹ́ ni olè náà?”

Olúfura yí gbogbo ojú rẹ̀ sí omi tó ń tú jáde.

“Nígbà tí ọkọ mi wà níbẹ̀, ta ló ní kí wọ́n máa ṣí sódà sílẹ̀ láti àárọ̀?”

“Èmi ni,” Ọba ní.

Obìnrin náà kò sunkún, kò bú u. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà lára àwọn egungun tó wà lẹ́sẹ̀ orísun náà, èyí tó mọ̀ pé ti ọkọ òun ni, ó dì wọ́n sínú ìborùn, ó sì lọ sílé. Orin náà kú lẹ́nu àwọn tó ń kọ ọ́. Olúfura ní kí wọ́n tú ẹ̀wọ̀n kúrò lọ́rùn Tinúọlá àti Ọlọ́wọ́mẹ́rin. Ó bọ́ adé rẹ̀ fún ìjòyè kan, ó tẹ̀lé obìnrin náà lẹ́sẹ̀, òun nìkan.

Ààjà tó gbé olùkọ́ wa lọ ló gbé wa padà sílé. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́, ó sì gbé àga fún mi. Ṣùgbọ́n kí ààjà tó dé, a kọjá níwájú ilé Ìdákẹ́. Ọba dúró lẹ́nu ọ̀nà náà nínú ìkùukùu, gbogbo ojú rẹ̀ ló wo ilẹ̀. Ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń dúró, ó ń tún un kàn. Láti inú ilé, a ń gbọ́ obìnrin náà tó ń da omi, ó ń fọ egungun ọkọ rẹ̀.

Mo rí ìyá kan láàárín yín lẹ́yìn lọ́hùn-ún tó ń na ọrùn, ó fẹ́ bi mí bóyá Ìdákẹ́ ṣílẹ̀kùn fún Ọba. Èmi kò mọ̀. Tinúọlá fà mí lápá, ó ní ibẹ̀ kì í ṣe ibi tó yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró máa ṣọ́.